Tábìlì Kúbúrátù àti Ìgò Tí Kò Gba Omi Híhó

Nígbà tí Kúbúrátù fẹ̀yìn tì kúrò ní ilé ìwòsàn àwọn aboyún kan ní Ẹ̀pẹ́, lẹ́yìn iṣẹ́ ọdún méjìlélógún, àwọn nọ́ọ̀sì ra aṣọ fún un, wọ́n ra aago ara ògiri, wọ́n sì ní kí ó tún dárúkọ ohun kan tí ọkàn rẹ̀ bá fẹ́. Ó ní ìkòkò ńlá tí òun fi ń se ìgò àwọn ọmọ tuntun ni òun fẹ́. Wọ́n rò pé ó ń ṣe ẹ̀fẹ̀. Kò ṣe ẹ̀fẹ̀. Ó so ìkòkò náà mọ́ ẹrù rẹ̀, ó wọ ọkọ̀ tí ó gba Agbówà, ó sì padà sí Ìkòròdú, sí ilé baba rẹ̀ ní Lásunwọ̀n, níbi tí wọ́n bí i sí.

Òun kì í ṣe nọ́ọ̀sì. Ìwé mẹ́fà ni ó kà, kò sì fi ìyẹn pamọ́ fún ẹnikẹ́ni. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kí ó kó ìgò tí wọ́n fi bọ́ àwọn ọmọ tí ìyá wọn kò tíì lè fún lọ́mú, kí ó fọ̀ wọ́n, kí ó sè wọ́n, kí ó sì tò wọ́n sínú àwo tí a dé. Ní ọ̀sẹ̀ tí ó kọ́kọ́ débẹ̀, ó fọ ìgò kan títí ó fi ń dán, ó sì gbé e kalẹ̀ láìsè é. Ìyá àgbà tí ó jẹ́ olórí àwọn nọ́ọ̀sì nígbà náà mú ìgò ọ̀hún, ó gbé e sókè sí ojú oòrùn, ó bi í léèrè ohun tí ó rí nínú rẹ̀. Kúbúrátù ní òun kò rí nǹkan kan.

"Èyí tí o kò rí yẹn," ni ìyá náà wí, "òun ni ó ń pa wọ́n."

Láti ọjọ́ náà kò tún gbé ìgò kan kalẹ̀ láìsè mọ́. Àwọn nọ́ọ̀sì wá, wọ́n lọ. Dókítà wá, ó lọ. Iná mànàmáná lọ, kò sì tètè padà wá. Kúbúrátù kò yé se ìgò. Bí èédú bá tán, yóò fi igi sè é. Ọ̀gá kan tí ó ń kánjú pàṣẹ fún un nígbà kan pé kí ó gbé ìgò mẹ́ta wá kí wọ́n tó hó. Ó dúró ti ìkòkò rẹ̀, ó ní bí ọ̀gá bá fẹ́ ìgò tí kò hó, kí ọ̀gá wá fi ọwọ́ ara rẹ̀ yọ ọ́ níbẹ̀. Ọ̀gá dúró dè é títí ó fi hó.

Ní ọdún 2003 ni ó bẹ̀rẹ̀ sí í ta sóbò ní Benson. Ibùdókọ̀ tí kì í sinmi ni Benson: ẹni tí ó ń lọ sí Èkó àti ẹni tí ó ń ti Èkó bọ̀, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń sọ̀ kalẹ̀, òùngbẹ a sì máa gbẹ gbogbo wọn. Obìnrin mẹ́rìndínlógún ni ó ń ta ohun mímu níbẹ̀, wọ́n sì ní ẹgbẹ́. Kúbúrátù di ìkẹtàdínlógún wọn. Ó gbé tábìlì igi àpá kan wá, èyí tí Ọláwuyì ọkọ rẹ̀, tí ó jẹ́ káfíńtà, kàn fún un kí ó tó kú. Tábìlì náà wúwo tó bẹ́ẹ̀ tí ó jẹ́ pé obìnrin mẹ́rin ní í gbé e, wọ́n á sì sinmi lẹ́ẹ̀mejì kí wọ́n tó gbé e dé ibi tí wọ́n ń gbé e lọ. Sóbò orí rẹ̀ dára: òdòdó ìṣápá pupa, atalẹ̀ tí a gún, èèpo ọ̀pẹ òyìnbó, ṣúgà níwọ̀nba. A sè é títí yóò fi hó yékéyéké. Bí ó bá tutù tán, a rọ ọ́ sínú ìgò ike tí wọ́n fi ń ta omi.

Níbí ni kí a má parọ́ mọ́ ọn. Fún ọdún mẹ́ta gbáko, obìnrin tí kò gbé ìgò ọmọ kalẹ̀ láìsè ń rọ sóbò sínú ìgò tí ẹlòmíràn ti fi ẹnu kàn. Omi inú ìgò jẹ́ ohun ọlọ́lá nígbà náà. Inú ọ̀rá ni tálákà ti ń fa tirẹ̀ mu. Ọlọ́lá a mu ún tán, a sọ ìgò nù láti ojú fèrèsé ọkọ̀; àwọn tí ó ń ṣa ike a ṣà á; Fábíyìí ará Agbówà a rà á, a fọ̀ ọ́, a sì kó o wá fún àwọn obìnrin Benson nínú àpò. Kúbúrátù a tún fi iyọ̀ àti ọsàn wẹ́wẹ́ ṣàn án, a sá a sí oòrùn. Ó ń dán. Bí ẹnìkan bá bi í nígbà náà ohun tí ó rí nínú rẹ̀, yóò ní òun kò rí nǹkan kan.

Ohun tí ó là á lójú ṣẹlẹ̀ ní oṣù kejì ọdún 2006. Olùkọ́bìnrin kan wà tí ó háyà yàrá ní ilé wọn ní Lásunwọ̀n, Ọláwùmí ni orúkọ rẹ̀, ọmọ Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì tí ó máa ń bá Kúbúrátù ṣa ìdọ̀tí ara ìṣápá lẹ́yìn tí ìyá náà bá kí ìrun àsàmù tán. Lọ́jọ́ kan ó ti ilé ẹ̀kọ́ dé, ó ṣí ìgò sóbò kan, ó mu ẹnu kan, ó sì tu ú dànù.

"Ìyá, ẹ má bínú," ni ó wí, "ó ń rùn bí òògùn tí bàbá mi fi ń pa koríko lóko ẹ̀gẹ́."

Kúbúrátù da sóbò náà sínú àwo, ó gbóòórùn rẹ̀: atalẹ̀ nìkan ni. Ó gbóòórùn ìgò: kò sí nǹkan. Ó wá mú ìdérí, ó fi èékánná yọ rọ́bà pẹlẹbẹ tí ó wà nínú rẹ̀. Òórùn náà jókòó síbẹ̀ bí onílé. Ọláwùmí bì lẹ́ẹ̀kan, ó fi omi yọ ẹnu títí, ara rẹ̀ sì balẹ̀. Ṣùgbọ́n Kúbúrátù kò lè jẹun mọ́ lọ́jọ́ náà. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì ó kó ìgò mẹ́ta sínú báàgì, ó wọ ọkọ̀, ó di Agbówà.

Fábíyìí gbà á tọwọ́ tẹsẹ̀. Kò fi nǹkan kan bò, nítorí kò mọ̀ pé ohun kan wà níbẹ̀ tí ó yẹ ní bíbò. Ẹ̀yìn ilé rẹ̀ funfun fún ìgò bí ìgbà tí lékeléke bá bà sí pápá. Àwọn ìyàwó rẹ̀ méjèèjì jókòó ti kànga, wọ́n ń da òkúta wẹ́wẹ́ àti omi ọṣẹ sínú ìgò, wọ́n ń mì í ṣẹ́kẹ́ṣẹ́kẹ́ kí ìdọ̀tí lè ṣí. Bí wọ́n bá ṣàn án tán, ìyàwó kékeré a gbé imú sí ẹnu ìgò. Imú rẹ̀ ni òṣùwọ̀n. Èyí tí ó bá ń rùn, a lọ sọ́dọ̀ àwọn tí ó ń ta kẹrosíìnì. Èyí tí kò bá rùn, a lọ sí Benson. Àwọn ìdérí wà nínú garawa kan lọ́tọ̀, gbogbo wọn dà pọ̀, kò sì sí ẹni tí ó ń gbóòórùn wọn.

Kúbúrátù kíyè sí ìyàwó kékeré náà. Ó ń fi etí ìró nu imú.

"Ṣé ọ̀fìnkìn ń ṣe ọ́ ni?"

"Ó ti pé ọ̀sẹ̀ méjì, Ìyá," ni ó dáhùn. "Òórùn ọbẹ̀ pàápàá, n kò gbọ́ ọ."

Ó sọ ọ́ tẹ̀rín-tẹ̀rín, ó gbé imú sí ìgò mìíràn, ó sì jù ú sínú àpò Benson.

Kúbúrátù bi Fábíyìí ibi tí ìgò olóògùn ti wá. Ọkùnrin náà ṣàlàyé fún un bí ẹni ń ṣàlàyé ọ̀nà fún àlejò. Àgbẹ̀ tí agbára rẹ̀ kò ká odidi gálọ́ọ̀nù òògùn, inú ìgò omi ni wọ́n ti ń wọ̀n ọ́n fún un. Bí ó bá fín in tán, a sọ ìgò sí ẹ̀bá oko. Ẹni tí ó ń ṣa ike kò sì mọ ìgò oko yàtọ̀ sí ti ojú títì. Kúbúrátù ní kí ló dé tí wọn kò fi omi gbígbóná fọ̀ wọ́n.

Fábíyìí rẹ́rìn-ín. "Omi gbígbóná kẹ̀, Ìyá Síkírù? Yóò ká jọ ni. Ìgò tí ó bá ti ká jọ, ṣé ẹ ó rà á lọ́wọ́ mi?"

Síkírù ni ọmọ kan ṣoṣo tí Kúbúrátù bí, Èkó ni ó ti ń ṣiṣẹ́. Bí wọ́n bá ti pè é ní Ìyá Síkírù, inú rẹ̀ a máa dùn. Lọ́jọ́ yẹn kò dùn. Ó dé ilé, ó gbé ìkòkò Ẹ̀pẹ́ kaná, ó dúró kí omi hó, ó sì ti ìgò ike kan bọ inú rẹ̀. Ìgò náà tẹ orí ba, ó lọ́ lọ́rùn, ó ká wọnú ara rẹ̀, ó dà bí ọwọ́ arúgbó. Ó mú ìkejì, ó fi ọ̀bẹ là á sí méjì. Níbi tí òkúta wẹ́wẹ́ ti ha inú rẹ̀, ilà tínínrín wà níbẹ̀ lọ́tùn-ún lósì, ohun kan tí àwọ̀ rẹ̀ jọ ti èéhù sì ti fi àárín ilà náà ṣe ilé. Iyọ̀ kò dé ibẹ̀. Ọsàn wẹ́wẹ́ kò dé ibẹ̀.

Ọláwùmí jókòó sí ẹnu ọ̀nà, ó ń wò ó. Kúbúrátù sọ gbólóhùn kan fún un, èyí tí ó wá di òfin rẹ̀ láti ìgbà náà: "Ohun tí kò bá gba omi híhó, kò gbọdọ̀ gba ẹnu ẹni méjì." Ó wá gbé ìṣó sínú iná títí ó fi pọ́n, ó sì fi lu gbogbo ìgò tí ó kù nílé ní ihò, kí ẹlòmíràn má baà ṣà wọ́n lò.

Ní ọjọ́ kẹta ó gbé kúlà rẹ̀ dé Benson pẹ̀lú ife onírin méjìlá. Ó gbé ìkòkò Ẹ̀pẹ́ ka orí àdògán èédú lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì, ó fi ẹ̀mú sí i. Ẹni tí ó bá fẹ́ mu, a dúró mu ún nínú ife. Ife a padà sínú omi híhó kí ẹlòmíràn tó gbà á. Ẹni tí ó bá fẹ́ gbé e lọ, kí ó mú fílásíkì tirẹ̀ wá láti ilé. Awakọ̀ kan rí i bí èéfín ti ń rú níwájú rẹ̀, ó ní, "Ìyá, ṣé sóbò lẹ ń tà ni, àbí ẹ fẹ́ sè wá jẹ?" Ó ní kí ó jókòó, àwọn tí ó mọ́ nìkan ni òun ń sè. Àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín, wọ́n sì mu ún.

Ṣùgbọ́n oníbàárà kì í mọ ìwọ̀n ìbéèrè. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í bi í pé ìgò tiẹ̀ dà. Ó sọ fún wọn. Kò pariwo rẹ̀, kò sì fi bò. Ó sọ ohun tí ó rí ní Agbówà, ó fi ìgò tí ó là sí méjì hàn wọ́n, ó sì ń rọ sóbò rẹ̀ lọ. Nígbà tí ó fi máa di ọ̀sẹ̀ kejì, oníbàárà ti ń gbé ìgò àwọn tó kù sókè sí oòrùn kí wọ́n tó rà á.

Ẹni tí ó jẹ́ Ìyá Ẹgbẹ́ nígbà náà ni Alhaja Ṣẹ̀rífátù. Obìnrin náà kì í ṣe ènìyàn burúkú, ẹni tí ó bá sì sọ bẹ́ẹ̀ kò mọ̀ ọ́n. Òun ni ó dúró níwájú nígbà tí wọ́n fẹ́ lé gbogbo wọn kúrò ní Benson. Òun ni ó yan ibi tí oníkálukú ń jókòó sí, tí ó sì ṣe òfin tí kò jẹ́ kí wọ́n máa fa aṣọ ya. Òfin kan ni pé ẹni tí ó bá sọ̀rọ̀ ọjà ẹlòmíràn ní búburú, wọn yóò dojú tábìlì rẹ̀ dé. Lẹ́ẹ̀kíní, ọjọ́ méje. Lẹ́ẹ̀kejì, ọjọ́ mẹ́rìnlá. Bí ọjọ́ ìyà bá pé, ẹni tí ó ni tábìlì ni yóò gbé e dìde fúnra rẹ̀. Bí wọ́n bá fi lè dojú rẹ̀ dé lẹ́ẹ̀kẹta, a ó gbé tábìlì rẹ̀ jù síta, a ó sì fi ibi tí ó ń jókòó sí fún ẹlòmíràn. Wọ́n ti fi òfin náà mú obìnrin méjì rí. Àwọn méjèèjì kò sí ní Benson mọ́.

Wọ́n wá dojú tábìlì Kúbúrátù dé ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé kan. Ó wò wọ́n bí wọ́n ti ń tiraka ní abẹ́ igi àpá náà, ó ní kí wọ́n rọra, kí ó má baà já lé ẹnikẹ́ni lẹ́sẹ̀. Fún ọjọ́ méje ó ń wọṣọ, ó ń wé gèlè, ó ń wá jókòó ti tábìlì adojúdé náà láìta nǹkan kan. Ìdí tí ó fi ń ṣe bẹ́ẹ̀ ni kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé àìsàn ni ó dá òun dúró sílé. Ní ọjọ́ kẹjọ, ó bẹ àwọn awakọ̀, wọ́n bá a gbé e dìde, ó sì to ife onírin rẹ̀ sí orí rẹ̀.

Ẹgbẹ́ pe ìpàdé. Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n dá. Ní ọ̀sán Ọjọ́rú, Ọláwùmí mú ìwé kan dé láti ilé kọ̀ǹpútà. Àkọlé rẹ̀ tóbi, ó dúdú. Ó wí nínú rẹ̀ pé dókítà ńlá kan ní òkè òkun ti rí i dájú pé obìnrin tí ó bá mu omi nínú ìgò ike kan náà lẹ́ẹ̀mejì yóò ní àrùn jẹjẹrẹ. Ọláwùmí ní kí ìyá kà á fún wọn ní ìpàdé, tàbí kí òun bá a kà á. Ó ní bí wọ́n bá gbọ́ jẹjẹrẹ, ẹ̀rù yóò bà wọ́n, ọ̀rọ̀ yóò sì parí.

Kúbúrátù gba ìwé náà, ó yẹ̀ ẹ́ wò níwájú àti lẹ́yìn. Ó bèèrè orúkọ dókítà náà. Ọláwùmí ní kò sí níbẹ̀. Ó bèèrè orúkọ ilé ìwòsàn. Kò sí níbẹ̀.

"Ìwọ olùkọ́, ṣé o gbà á gbọ́?"

"N kò lè sọ, Ìyá. Àmọ́ àwọn yóò gbà á gbọ́."

"Ìdí rẹ̀ gan-an nìyẹn tí n kò fi ní kà á," ni Kúbúrátù wí. "Bóyá òótọ́ ni, n kò mọ̀. Ohun tí mo fi ojú mi rí ni n ó sọ. Bí èyí kò bá tó wọn, kí ó má tó wọn."

Ó ká ìwé náà sí mẹ́rin, ó sì fi dáná àdògán ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì.

Ní ìpàdé, ó dìde, kò fi ọ̀rọ̀ gùn. Ó sọ̀rọ̀ imú ìyàwó Fábíyìí tí kò gbọ́ òórùn. Ó sọ̀rọ̀ garawa ìdérí. Ó mú ìgò kan láti inú àpò ẹgbẹ́ gan-an, ó là á sí méjì níṣojú wọn, ó sì ní kí wọ́n máa gbà á láti ọwọ́ dé ọwọ́. Wọ́n gbà á. Ojú àwọn kan yí padà. Nígbà náà ni ẹnìkan bèèrè láti ẹ̀yìn pé ta ni ẹni tí ó ti kú nítorí ìgò ní Benson.

"N kò rí ẹni tí ó kú," ni ó wí.

Wọ́n ní ẹni tí ó ṣàìsàn ńkọ́. Ó ní Ọláwùmí bì lẹ́ẹ̀kan, ara rẹ̀ sì yá. Yàtọ̀ sí èyí, inú ń run ènìyàn ní Ìkòròdú lójoojúmọ́, òun kò sì lè fi ọwọ́ sọ àyà pé ìgò ni. Ọláwùmí, tí ó dúró ní etí agbo, gbé ojú sílẹ̀. Ó mọ̀ pé bí ìwé ọ̀hún bá wà níbẹ̀, ibi tí wọn ì bá ti kà á nìyẹn.

Alhaja Ṣẹ̀rífátù dìde. Ó rìn lọ sí ìdí tábìlì tirẹ̀, ó yẹ ìgò sóbò bíi mélòó kan wò, ó mú ọ̀kan, ó ṣí i, ó gbé e sẹ́nu, ó sì mu ún láìmí títí ó fi gbẹ. Ó dorí ìgò náà kodò kí gbogbo wọn rí i.

"Ó di ọdún kẹjọ tí mo ti ń mu ún," ni ó wí. "Ẹ bá mi wò ó dáadáa o. Ṣé òkú ni ó ń bá yín sọ̀rọ̀?"

Agbo bú sẹ́rìn-ín. Obìnrin kan ń fi ọwọ́ gbá itan. Kúbúrátù dúró, ó jẹ́ kí ẹ̀rín náà tán.

"Ìyá Ẹgbẹ́, ẹ ṣeun," ni ó wí. "Mo rí i bí ẹ ti ń mu ún. Mo sì rí i pé kí ẹ tó mu ún, ẹ gbóòórùn ìdérí. Ìgò mẹ́ta ni ẹ gbé sílẹ̀ kí ẹ tó mú èyí. Oníbàárà tí ó wà nínú ọkọ̀, tí ẹ ń na ìgò sí láti ojú fèrèsé, ta ni yóò bá a gbóòórùn tirẹ̀?"

Alhaja Ṣẹ̀rífátù wo ìdérí tí ó wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì tì í bọ inú àpò aṣọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n obìnrin mẹ́rìndínlógún ni wọ́n, wọ́n ní ọmọ, ebi inú ilé kò sì gbọ́ àlàyé. Nígbà tí wọ́n ní kí ẹni tí ó bá fẹ́ kí òfin ṣiṣẹ́ na ọwọ́, ọwọ́ pọ̀. Òtítọ́ dọ́jà, ó kùtà. Owó lọ́wọ́ ni wọ́n fi ń ra èké. Wọ́n lọ dojú tábìlì náà dé lẹ́ẹ̀kejì, ọjọ́ mẹ́rìnlá, wọ́n sì ránṣẹ́ sí i pé ní ọjọ́ tí ó bá gbé e dìde, bí kò bá sí ìgò ẹgbẹ́ lórí rẹ̀, tí kò sì tọrọ àforíjì lójú gbogbo agbo, ìdojúdé kẹta yóò dé kí oòrùn tó ta.

Ọ̀rọ̀ náà dé etí Síkírù ní Èkó, ó sì pè é lórí fóònù.

"Màmi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tọrọ àforíjì. Kí wọ́n má baà gba àyè yín."

"Kí ni mo ṣe?"

"Ẹ kò ṣe nǹkan kan, Màmi."

"Kí wá ni n ó sọ pé kí wọ́n forí rẹ̀ jì mí?"

Síkírù ní kí wọ́n máa tọ́jú ara wọn.

Kí a sọ òótọ́, ẹ̀rù ba Kúbúrátù. Àyè Benson ni oúnjẹ rẹ̀, ibẹ̀ náà sì ni ibi tí wọ́n ti ń fi orúkọ rẹ̀ kí i ní gbogbo òwúrọ̀; opó tí ó ti lé ní ọgọ́ta ọdún kì í rí irú ibẹ̀ méjì. Ó ronú lórí tábìlì náà fún ọjọ́ mẹ́rìnlá. Nígbà mìíràn a lọ jókòó tì í, a wo ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tí ó nà sókè bí ẹni ń ṣe àdúà, a sì fi ọwọ́ pa ojú ibi tí ìfági ọkọ rẹ̀ ti fá igi náà tí ó fi ń dán. Ní ọjọ́ kẹtàlá ni Ọláwùmí rí i tí ó ń rẹ́rìn-ín òun nìkan. Kúbúrátù ní kí ó bá òun wá òòlù Ọláwuyì jáde.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún, àwọn obìnrin ẹgbẹ́ péjọ láti wo ohun tí yóò gbé ka orí tábìlì. Wọn kò rí orí tábìlì. Kúbúrátù kò gbé e dìde. Ó kan ìṣó mẹ́ta mẹ́ta mọ́ ara ẹsẹ̀ tábìlì kọ̀ọ̀kan, ó fi àwọn ife onírin rẹ̀ kọ́ wọn, wọ́n ń tàn yinrinyinrin ní oòrùn. Ó gbé kúlà rẹ̀ sí àárín ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bí ẹni gbé ọmọ sí inú àga. Ìkòkò Ẹ̀pẹ́ ń hó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ jókòó lórí àpótí, ó wé gèlè ọdún, oníbàárà mẹ́ta sì ti ń mu.

"Ẹ káàárọ̀ o, Ìyá Ẹgbẹ́," ni ó wí. "Mo ti ń retí yín. Ẹ wá dojú rẹ̀ dé."

Alhaja Ṣẹ̀rífátù dúró. Ó wo tábìlì, ó wo àwọn obìnrin rẹ̀. Òfin ní kí wọ́n dojú tábìlì dé. Tábìlì yìí ti dojú dé. Bí wọ́n bá fọwọ́ kàn án, ohun tí wọ́n lè ṣe fún un kò ju kí wọ́n gbé e dìde lọ, iṣẹ́ yẹn sì ni òfin ti fi sílẹ̀ fún ẹni tí ó ni ín, kò sì sọ ọjọ́ tí ó gbọdọ̀ ṣe é. Ẹnìkan bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín ní ẹ̀yìn, ó fi ọwọ́ bo ẹnu, ẹ̀rín náà sì gba àárín ìka rẹ̀ jáde. Ẹlòmíràn bá a rín in. Alhaja rìn yí tábìlì náà po lẹ́ẹ̀kan. Ó fi ọwọ́ kan ẹsẹ̀ rẹ̀ kan, ife mẹ́ta sì ró gbànjan. Ó mú ọwọ́ kúrò.

"Kúbúrátù, ìwọ yìí, níbo gan-an ni wọ́n ti rí ọ?"

"Lásunwọ̀n níbí ni, Ìyá Ẹgbẹ́. Kò sì sí ibi tí mo tún ń lọ."

Alhaja wo ọkọ̀ kan tí ó ń kún títí ó fi lọ. Nígbà tí ó sọ̀rọ̀, gbogbo agbo ni ó kọ ojú sí.

"Ìyà rẹ̀ ṣì wà lórí rẹ̀," ni ó wí. "Ẹ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Bí tábìlì náà bá ti ń dojú dé, a kò ní ẹjọ́ bá a. Ọjọ́ tí ó bá gbé e dìde ni a ó wá."

"Kò ní dìde," ni Kúbúrátù wí, ó sì mú ife kan jáde nínú omi híhó fún oníbàárà tí ó kàn.

Báyìí ni ó ṣe di ẹni tí ó ń tajà láàárín ẹsẹ̀ tábìlì. Àwọn tí kò mọ ìtàn náà a máa rò pé ọ̀nà tuntun kan ni wọ́n fi ń pàtẹ sóbò ní Ìkòròdú. Èrò ọkọ̀ a ní kí wọ́n já òun sí ọ̀dọ̀ ìyá ẹlẹ́sẹ̀ òkè. Àwọn olùkọ́ ilé ẹ̀kọ́ Ọláwùmí ń mú fílásíkì wá ní ọ̀wọ̀ọ̀wọ́. Ní ìparí ọdún yẹn, obìnrin méjì nínú ẹgbẹ́ ti ra ife onírin, ọ̀kan nínú wọn sì wá bi í ní bòókẹ́lẹ́ bí omi ṣe gbọdọ̀ hó pẹ́ tó. Ó sọ fún un, kò sì fi ṣe yẹ̀yẹ́. Àwọn mẹ́rìnlá tí ó kù ń ta tiwọn nínú ìgò ike bí wọ́n ti ń tà á. Fábíyìí ń mi òkúta wẹ́wẹ́ rẹ̀ ní Agbówà. Kúbúrátù kò bá ẹnikẹ́ni jà mọ́, kò sì dá ẹnikẹ́ni tí ó bi í léèrè padà láìdá a lóhùn.

Alhaja Ṣẹ̀rífátù kò wá mu sóbò lọ́dọ̀ rẹ̀ rí. Ó ní ìgbéraga tirẹ̀, ó sì yẹ ẹ́. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ ìpàdé náà, bí ó bá fẹ́ mu ìgò kan nínú ọjà tirẹ̀, tí ó ti ṣí i, tí ó ti fẹ́ gbé ìdérí lọ sí imú, yóò kọ́kọ́ wo apá ibi tí Kúbúrátù jókòó sí. Bí ó bá sì ti rí i pé ojú ìyá náà wà lára òun, a rọra dé ìgò ọ̀hún padà, a sì ní òùngbẹ kò gbẹ òun mọ́.